Ṣíṣọ́ Adágún Ńlá Lọ́wọ́ Oró Tí Ojú Kò Rí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó ti pa ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ́ ní Erinje títí di òní. Ìwé àjọ̀dún sábà máa ń kún fún ìtàn àwọn olùdásílẹ̀ àti fún ìwàásù, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni ó kọ́ wa pé Ẹni tí ó fún wa ní Ìwé Mímọ́ ni ó dá omi, òkúta àti afẹ́fẹ́, àti pé ẹni tí ó bá ń wádìí iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ̀ tọkàntọkàn kò jìnnà sí ìjọsìn. Nítorí náà ni mo ṣe yàn láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tí ó jẹ mọ́ sáyẹ́ǹsì, tí ó sì kan omi tí à ń mu: bí a ti ń ṣọ́ adágún ńlá lọ́wọ́ oró ìtànṣán.

Àwọn baba wa ní omi kò lọ́tàá. Ta ni ó mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju àwa ọmọ Ìkálẹ̀ lọ? Ẹ̀gẹ́ tí a kò bá rì sínú omi kò lè di púpurú. Ẹja tí a fi ń jẹ ẹ́, inú omi ni ó ti wá. Bí omi bá bàjẹ́, kò sí ibi tí a óò sá sí.

Ìwé Mímọ́ mẹ́nu kan omi tí ó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tí kò yẹ kí a gbàgbé. Ní Mara, nígbà tí Ísírẹ́lì ti Íjíbítì jáde, omi náà korò, ahọ́n sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ní Jẹ́ríkò, ní ìgbà Èlíṣà, àwọn ará ìlú rí i pé ilẹ̀ wọn kò so èso, wọ́n sì mọ̀ pé omi ni ó fà á. Ní ibi méjèèjì, ara ènìyàn mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n oró kan wà ní ayé òde òní tí kò korò, tí kò rùn, tí kò sì pa àwọ̀ omi dà. Omi náà lè mọ́ gaara bí èyí tí ó ń sun láti inú àpáta. Ẹ̀rọ nìkan ni ó lè fi í hàn, àti sùúrù àwọn tí ń lo ẹ̀rọ náà.

Kí ni ìtànṣán yìí?

Gbogbo ohun tí a dá ni a fi àwọn ohun kéékèèké tí à ń pè ní átọ́ọ̀mù mọ. Ọ̀pọ̀ átọ́ọ̀mù a máa dúró jẹ́ẹ́ títí ayé, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ara wọn kò balẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń yí padà di irú mìíràn, wọn a máa ju agbára jáde, agbára náà a sì máa gún ohun tí ó bá wà nítòsí. Agbára yìí ni ìtànṣán tí mo ń sọ. Ní ọdún 1896 ni Henri Becquerel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàkíyèsí pé uranium ń ta àmì sára àwo fọ́tò tí a fi bébà dúdú wé. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe òṣùwọ̀n tí a óò máa lò nínú àròkọ yìí: becquerel kan ni kí átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Kí ẹ̀rù má ba ẹnikẹ́ni lásán, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ó tó pẹ́: ìtànṣán ti wà kí ènìyàn tó kọ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Ó wà nínú òkúta ńláńlá bí irú èyí tí ó wà ní Ìdànrè. Ó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a jẹ ní àárọ̀. Ó wà nínú ara àwa fúnra wa: nínú ara àgbàlagbà kan, potassium tí kò balẹ̀ ara ń ta nǹkan bí 4,000 becquerel, láti ọjọ́ tí Ádámù ti wà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bi ara wa nìyí: irú èwo ni, báwo ni ó ti pọ̀ tó, ibo nínú ara ni ó ń lọ, ìgbà wo ni yóò sì tán?

Ní ti ìgbà tí yóò tán, èròjà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ fojú inú wo àká iṣu tí ó ní iṣu 16. Bí ìdajì iṣu inú rẹ̀ bá ń jẹrà ní ọgbọ̀n ọdún ọgbọ̀n ọdún, yóò ku 8 lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, yóò ku 4 lẹ́yìn ọgọ́ta, yóò ku 2 lẹ́yìn àádọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni caesium-137, tí ìdajì rẹ̀ ń lọ ní ọgbọ̀n ọdún. Iodine-131 kò pẹ́ rárá, ọjọ́ 8 ni ìdajì rẹ̀. Ti tritium lé díẹ̀ ní ọdún 12, ti strontium-90 tó ọdún 29, ti radium-226 jẹ́ ọdún 1,600. Ti uranium-238 sì jẹ́ bílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ ọdún. Kò sí iná, kò sí oògùn, kò sí síse tí ó lè mú kí ọjọ́ wọ̀nyí yára. Ẹni tí ó bá se omi tí irú èròjà bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀ yóò pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n oró náà yóò wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Adágún Ontario gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Bí a bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ìṣọ́ yìí pẹ́, ẹ jẹ́ kí a wo adágún Ontario, tí ó wà láàárín Kánádà àti Amẹ́ríkà. Omi tí kò níyọ̀ ni. Ìbú rẹ̀ àti òró rẹ̀ tó nǹkan bí 19,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, èyí tí ó ju gbogbo Ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ. Etí adágún yìí ni Toronto wà, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ibùgbé lónìí. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ níbẹ̀, omi adágún yìí ni ó ń mu.

Ní etí adágún kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fi agbára núkílíà pèsè iná mànàmáná wà. Pickering ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1971, Darlington láti 1990, lápá Kánádà. Lápá Amẹ́ríkà, ní Ìpínlẹ̀ New York, Ginna, Nine Mile Point àti FitzPatrick wà. Etí omi ni a ń kọ́ wọn sí nítorí pé ooru wọn pọ̀, omi púpọ̀ ni a sì fi ń tù wọ́n. Ní Port Hope, ní etí adágún kan náà, ilé-iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ radium ní àwọn ọdún 1930, pàǹtírí rẹ̀ sì fọ́n káàkiri ìlú tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ ìpalẹ̀mọ́ rẹ̀ fi wọ inú ọ̀rúndún tí a wà yìí.

Ontario ni ó gbẹ̀yìn nínú adágún ńlá márùn-ún tí ń ṣàn wọ inú ara wọn. Ohun tí a bá dà sí òkè, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò bọ̀. Omi a máa lo nǹkan bí ọdún 6 nínú rẹ̀ kí ó tó ṣàn lọ sí òkun. Ní adágún Superior tí ó wà ní òkè pátápátá, 191 ọdún ni. Èyí ṣe pàtàkì. Odò tí ń ṣàn lè wẹ ara rẹ̀ mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n adágún dà bí ìkòkò omi inú ilé: ohun tí ó bá wọ inú rẹ̀ kì í tètè jáde.

Èròjà tí wọ́n ń ṣọ́ jù ní Ontario ni tritium. Irú háídrójìn kan ni. Nígbà tí ó bá so mọ́ ọ́síjìn, omi ni ó ń dà. Kì í ṣe ohun tí ó wà nínú omi bí iyọ̀ ti ń wà nínú ọbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni omi. Asẹ́ kankan kò lè sẹ́ ẹ kúrò. Àwọn ẹ̀rọ tí Kánádà ń lò ní Pickering àti Darlington ń lo irú omi kan tí ó wúwo ju omi lásán lọ, inú omi wúwo yìí ni tritium ti ń pọ̀ sí i.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1992, ọ̀pá kan jò ní Pickering, omi wúwo náà sì dà sínú adágún. Tritium tí ó bá a lọ tó 2,300 tírílíọ̀nù becquerel. Ìwọ̀n tritium nínú omi mímu àwọn ìlú etí adágún lọ sókè. Báwo ni wọ́n ti mọ̀ pé ó lọ sókè? Nítorí pé wọ́n ti mọ iye tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1959, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ń dán bọ́ǹbù wò lójú òfuurufú, ni Kánádà ti ní àwọn ibùdó tí ń wọn ìtànṣán ní àyíká rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ iye ewúrẹ́ tí ó wà nínú agbo ní àná kò lè sọ lónìí pé olè ti wọlé.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú àdéhùn. Kánádà àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwé lórí omi ẹnubodè wọn ní ọdún 1909, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ní kan láti máa bójú tó o. Ní 1972 wọ́n tún ṣe àdéhùn mìíràn lórí bí omi àwọn adágún náà yóò ti mọ́. Omi kò mọ ẹnubodè, nítorí náà kò yẹ kí ìṣọ́ náà mọ̀ ọ́n.

Bí a ti ń ṣe ìṣọ́ náà

Ohun mẹ́ta ni àwọn olùṣọ́ adágún ń gbé wá sí ilé àyẹ̀wò: omi, ẹrẹ̀ àti ẹja. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tí èkejì kò lè sọ.

Omi ń sọ ti òní. Ojú kan náà ni a ń ti bù ú, ní àsìkò tí a ti là kalẹ̀, a sì ń kọ ọjọ́, wákàtí àti bí ó ti jìn tó sílẹ̀. A ń fi omi adágún náà ṣan ìgò kí a tó bù ú. A lè kán ásíìdì díẹ̀ sí i kí èròjà má bàa lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ṣùgbọ́n ìgò ọ̀tọ̀ ni a ń bu ti tritium sí. Ní ilé àyẹ̀wò, a óò fi ooru jẹ́jẹ́ mú omi gbẹ títí yóò fi ku ìsàlẹ̀ díẹ̀, a óò sì fi ẹ̀rọ ka ìtànṣán tí ń jáde lára ìsàlẹ̀ yìí. Àyẹ̀wò yìí rọrùn, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ jù, òun ni a sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tritium kò sí nínú ìsàlẹ̀ náà, nítorí pé bí omi ti ń fẹ́ lọ ni òun náà ń bá a lọ. Èyí fi hàn pé àyẹ̀wò kan ṣoṣo kò tó. Láti rí tritium, a ń da omi náà pọ̀ mọ́ òróró kan tí ń kọ mànà bí ìtànṣán bá kàn án, ẹ̀rọ a sì máa ka ìkọ mànà náà ní inú òkùnkùn biribiri.

Ẹ̀rọ kẹta ni ó ń sọ orúkọ èròjà. A ń fi òjé bò ó yípo kí ìtànṣán ìta má bàa dà á rú, a sì ń fi naitirójìn olómi, tí ó tutù tó ìwọ̀n 196 ní ìsàlẹ̀ òdo, tù ú. Èròjà kọ̀ọ̀kan ní agbára ìtànṣán tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlù kọ̀ọ̀kan ti ní ohùn tirẹ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ mọ ìlù kò ní í pe gángan ní bàtá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí kì í pe caesium ní radium.

Ẹrẹ̀ ń sọ ti àtijọ́. Caesium fẹ́ràn amọ̀. Bí ó bá bọ́ sínú adágún, kì í pẹ́ tí yóò fi lẹ̀ mọ́ amọ̀ tí yóò sì rì. Lọ́dọọdún ni ẹrẹ̀ tuntun ń bo ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn onímọ̀ a máa ti ọ̀pá oníhò wọ ìsàlẹ̀ adágún, wọn a fà á jáde, wọn a sì gé ẹrẹ̀ inú rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹni ń ṣí ìwé láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Ní ọ̀pọ̀ adágún Yúróòpù, ojú ìwé méjì ni ó ń hàn gbangba. Àkọ́kọ́ ni ti ọdún 1963, nígbà tí oró bọ́ǹbù tí ń já bọ́ láti òfuurufú pọ̀ jù, ọdún kan náà tí Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Soviet fọwọ́ sí àdéhùn láti má ṣe dán an wò ní òde mọ́. Èkejì ni ti ọdún 1986, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Chernobyl ní Ukraine bú gbàmù ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin. Ènìyàn lè gbé ìwé àkọsílẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ kì í purọ́.

Ẹja ń sọ ohun tí ó ti dé orí tábìlì wa. Ara kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín caesium àti potassium, nítorí náà ó ń gbé e sínú ẹran ara. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín strontium àti calcium, ó sì ń gbé e sínú egungun. Ẹja kékeré yóò jẹ ohun inú omi, ẹja ńlá yóò jẹ ẹja kékeré, caesium yóò sì máa pọ̀ sí i bí ó ti ń gòkè. Lẹ́yìn Chernobyl, caesium nínú ẹja àwọn adágún kan ní Sweden pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi pa á láṣẹ ní 1987 pé ẹja adágún tí ó bá ju 1,500 becquerel lọ nínú kílò kan kò gbọdọ̀ dé ọjà. Adágún tí potassium rẹ̀ kò tó ni ọ̀ràn náà le jù nínú wọn, nítorí pé ẹja tí ebi potassium ń pa a máa gba caesium dípò rẹ̀.

Ní ibí yìí ni ó ti yẹ kí àwa ṣe àkíyèsí tiwa. Òyìnbó a máa yọ egungun ẹja sọ nù, ẹran ara rẹ̀ nìkan ni yóò gbé lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n àwa ń jẹ ẹja wẹ́wẹ́ tegungun-tegungun. A ń gún ẹja gbígbẹ sínú ọbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọn strontium nínú ẹja odò wa, tí ó sì yọ egungun rẹ̀ dànù kí ó tó wọ̀n ọ́n, ó ti wọn oúnjẹ ẹlòmíràn, kò wọn tiwa. Onímọ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ilé nìkan ni yóò rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí a fi nílò ọmọ tiwa nínú iṣẹ́ yìí.

Ta ni ń ṣe òdiwọ̀n?

Lẹ́yìn tí a bá ti wọn omi, ìbéèrè kù: mélòó ni ó pọ̀ jù? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oró tí ènìyàn ń gbà láti inú omi mímu má ṣe ju ìdá kan nínú mẹ́wàá millisievert lọ lọ́dún. Kí a lè mọ bí ó ti kéré tó, èyí tí ènìyàn ń gbà láti ara ilẹ̀, ojú ọ̀run àti oúnjẹ jẹ́ nǹkan bí 2.4 millisievert lọ́dún, bí a bá ṣírò ti gbogbo ayé pọ̀. Nínú lítà omi kan, àjọ náà fi 10 becquerel ṣe ìwọ̀n fún caesium-137, àti 10,000 fún tritium, tí agbára rẹ̀ kéré gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn ìjọba ti yàtọ̀ síra lórí tritium kan náà. Kánádà ní 7,000 becquerel nínú lítà kan. Amẹ́ríkà ní 740. Ilẹ̀ Yúróòpù ní bí ó bá ti dé 100, kí a bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ní ọdún 2009, ìgbìmọ̀ tí ń gba ìjọba Ontario nímọ̀ràn lórí omi mímu dábàá pé kí wọ́n sọ ọ́ di 20. Sáyẹ́ǹsì kan náà ni gbogbo wọn kà. Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Sáyẹ́ǹsì lè sọ bí ewu ti tó. Kò lè sọ bí ewu tí ó yẹ kí á gbé lé aládùúgbò wa lórí ti tó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí-ọkàn ni ìyẹn, gbogbo ará ìlú ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti dá sí i.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilẹ̀ wa

Ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìtàn ọ̀nà jíjìn ni mo ń sọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960, nígbà tí òmìnira wa kù fún oṣù díẹ̀, Faransé dán bọ́ǹbù núkílíà rẹ̀ àkọ́kọ́ wò ní Reggane, ní aṣálẹ̀ Sàhárà lápá Algeria. Mẹ́rin ni wọ́n dán wò lójú òfuurufú níbẹ̀ kí ó tó di ìparí oṣù kẹrin ọdún 1961. Ọyẹ́ tí ń fẹ́ láti Sàhárà ni ó ń gbé eruku wá bá wa ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kínní. Kò sì sí àgbà tí kò mọ̀ pé ohun tí ọyẹ́ bá gbé, orí òrùlé wa àti inú kànga wa ni yóò sọ̀ ọ́ sí. Ní oṣù Kínní ọdún 1961, ìjọba Tafawa Balewa lé aṣojú Faransé kúrò ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà, ní 1964, a dá ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún ìdáàbòbò lọ́wọ́ ìtànṣán sílẹ̀ ní ẹ̀ka físíìsì ti Yunifásítì Ìbàdàn. Ìbínú olóṣèlú ti lọ. Iṣẹ́ wíwọ̀n tí ó tẹ̀lé e ni ó wà títí.

Ní ọdún 1987 sí 1988, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ ní Kókò, ìlú èbúté tí kò ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ sí Okitipupa bí ẹyẹ bá fò. Ọkọ̀ òkun gbé pàǹtírí olóró tí ó tó nǹkan bí 3,900 tọ́ọ̀nù wá láti Ítálì, wọ́n sì kó àgbá rẹ̀ jọ sí ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan tí wọ́n ń san owó kékeré fún lóṣooṣù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí ó wà ní Ítálì ni ó ta ìwé ìròyìn ilé lólobó. Ariwo sọ pé oró núkílíà wà nínú rẹ̀. Èyí tí a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ jù ni àwọn kẹ́míkà bíi PCB, tí wọ́n burú ní tiwọn. Ìjọba mú kí wọ́n kó o padà. Orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan ní Yúróòpù kọ̀ kí ọkọ̀ Karin B tí ó gbé e má ṣe gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. Nínú ọdún náà ni òfin tí ó fi ẹ̀wọ̀n gbére ṣe ìjìyà ẹni tí ó bá kó irú pàǹtírí bẹ́ẹ̀ wọlé jáde, a sì dá àjọ àpapọ̀ tí ń bójú tó àyíká sílẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Kókò ni ará ilé wa.

Ní Jos, wíwa tánganran láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá fi òkìtì yanrìn tí ìtànṣán rẹ̀ ga sílẹ̀, àti ọ̀gbun tí omi kún, tí àwọn ènìyàn ń bomi rin oko láti inú rẹ̀. Ní Zaria, ẹ̀rọ núkílíà kékeré kan ti wà fún ìwádìí láti 2004. Láti ọdún 2001 ni àjọ tí ń ṣàkóso ọ̀ràn núkílíà ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjọba sì ti dárúkọ Geregu ní Ìpínlẹ̀ Kogí, lẹ́bàá odò Ọya, àti Itu ní Akwa Ibom, gẹ́gẹ́ bí ibi tí ó ṣeé ṣe kí a kọ́ ilé-iṣẹ́ iná núkílíà sí. Lẹ́bàá omi náà ni, gẹ́gẹ́ bí Pickering.

Ní Ìkálẹ̀ ńkọ́?

Ní Àgbàbú, lẹ́bàá odò Olúwa, láti nǹkan bí ọdún 1908 ni wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wá ọ̀dà tí ó wà nínú rẹ̀. Níbi gbogbo lágbàáyé tí a ti ń wa epo, a mọ̀ pé omi tí ń bá epo jáde láti abẹ́ ilẹ̀ lè gbé radium wá, radium náà a sì máa lẹ̀ mọ́ inú páìpù. Èmi kò sọ pé odò wa ti bàjẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìsinsìnyí, kí ẹ̀rọ ńlá tó dé, ni àsìkò láti mọ iye tí ó wà nínú omi, nínú ẹrẹ̀ àti nínú ẹja. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tán, tí ará ìlú sì kígbe pé omi ti yí padà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ní ilé-ẹjọ́ yóò jẹ́: mélòó ni tẹ́lẹ̀? Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn ti pàdánù ẹjọ́ náà.

Mo rí ohun mẹ́ta tí ó wà ní ìkáwọ́ wa. Èkíní, kí àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní ipò bẹ ibùdó ìwádìí ìtànṣán tí ó wà ní Ìbàdàn, àti àwọn yunifásítì wa, kí wọ́n wá wọn odò wa, kí wọ́n sì fi èsì rẹ̀ hàn ní gbangba, ní èdè tí ìyá tí ń rẹ ẹ̀gẹ́ yóò gbọ́. Èkejì, kí ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣí ìwé odò kan: kí àwọn ọmọ kíláàsì físíìsì àti kẹ́mísìrì máa kọ gíga omi, àwọ̀ rẹ̀, ìgbóná rẹ̀ àti irú ẹja tí a ń pa sílẹ̀ lóṣooṣù. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde bá lè ra ẹ̀rọ kékeré tí ń ka ìtànṣán ní àfikún, àwọn ọmọ yóò tún mọ̀ pé òkúta àgbàlá ilé-ìwé náà ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta, kí àwa tí a ń dúró lórí àga ìwàásù má ṣe tan irọ́ kálẹ̀. Ní 2014, nígbà àrùn Ebola, ẹnìkan gbé ọ̀rọ̀ kiri pé omi iyọ̀ ni oògùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ mu ún, ó sì pa àwọn ènìyàn lára. Ìbẹ̀rù tí kò ní ìwọ̀n burú, bẹ́ẹ̀ ni àlàáfíà tí kò ní ìwọ̀n.

Àwọn kan lè bi mí pé ṣé ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ìránṣẹ́ Ọlọ́run gbẹ́kẹ̀ lé? Ẹ padà wo Èlíṣà ní Jẹ́ríkò. Ó gbọ́ ẹ̀dùn àwọn ará ìlú kí ó tó ṣe ohunkóhun. Ó béèrè àwo tuntun àti iyọ̀, ohun tí ọwọ́ lè mú. Lẹ́yìn náà, kò lọ sí ìkòkò ẹnì kankan nínú ilé. Ó jáde lọ sí orísun omi náà gan-an. Ọlọ́run ni ó wo omi sàn, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó rìn dé orísun. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Níbi tí ojú ara kò bá lè ríran dé, Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n láti ṣe ojú mìíràn, ó sì di dandan kí a là á sílẹ̀.

Kí Ọlọ́run pa ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ́, kí ó pa odò wa mọ́, kí ó sì gbé dìde láàárín àwọn ọmọ tí ń ka ìwé yìí ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìgò àti ìwé àkọsílẹ̀, tí yóò padà wá sọ òtítọ́ fún wa nípa omi tí à ń mu. Àṣẹ.